Agbádá ẹtù lọ́jà òní: èyí tó tó owó rẹ̀, èyí tí kò tó o, àti ohun tó mú ti àtijọ́ kúrò lára wa

Ẹtù ni aṣọ òfì aláró tó dúdú. Oríṣi agbádá rẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́jà, orúkọ kan náà ni àwọn òǹtajà sì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ni ẹtù àtijọ́, tí wọ́n fọwọ́ ran òwú rẹ̀, tí wọ́n sì fi èlú pa á láró. Inú àpótí àwọn àgbà ló kù sí, àti ọwọ́ ìwọ̀nba èèyàn tó ń ra aṣọ ogún tà. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi òwú ilé-iṣẹ́ hun lórí òfì. Òwú gidi ni, ṣùgbọ́n aró òyìnbó ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹtù fúyẹ́fúyẹ́, tí rayon tàbí polyester, àwọn fọ́nrán ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe òwú gidi, pọ̀ nínú rẹ̀, tí òmíràn tún ní fọ́nrán dídán tí wọ́n ń pè ní ṣáínṣáín.

Ìdájọ́ wa rèé kí àlàyé tó gùn: bó bá jẹ́ agbádá lẹ fẹ́ rán, èkejì ni kí ẹ fowó yín rà. Ẹ̀kẹta dára fún gèlè àti fìlà, kò dára fún agbádá. Àkọ́kọ́ kì í ṣe aṣọ òde ojoojúmọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i nílé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gé e ṣe tìmùtìmù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ẹtù kúrò lára ọkùnrin nítorí pé ojú ti là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá aṣọ náà kó lè pẹ́ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ ni, ayé sì dé ibi tí à ń rán aṣọ fún Sátidé kan. Gbogbo ohun tó jẹ́ iyì rẹ̀ nígbà náà, bó ṣe wúwo, bó ṣe ki, bó ṣe jẹ́ pé àwọ̀ kan ló ní, ló di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ohun tó yẹ kó wò nígbà tó bá ń ra tòní.

Ẹ mú ọ̀já ẹtù àtijọ́ kan, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so pọ̀ di agbádá, sún mọ́ ojú. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínǹsì 4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10. Lókèèrè, dúdú ni. Ní tòsí, aró tó jìn gan-an ni, ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ sánmà sì gba inú rẹ̀ kọjá lóròó, òmíràn kò ju fọ́nrán kan tàbí méjì lọ. Ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ni àwọn àgbà rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá fi èékánná tọ fọ́nrán kan lọ, yóò nípọn níbì kan, yóò tín-ín-rín níbòmíràn. Ọwọ́ arànwú lẹ ń rí yẹn. Ìkòkò aró kan náà ló sì bí dúdú àti àwọ̀ sánmà. Òwú tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ló di ìlà. Èyí tí wọ́n rì, tí wọ́n sá, tí wọ́n tún rì léraléra ló di dúdú.

Iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀já kan ṣoṣo yẹn kò kéré. Wọ́n á yọ kóró òwú, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ran án. Ọ̀pọ̀ arànwú ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ ahunṣọ kan ṣoṣo tó lè dí. Àwọn aláró ń gún ewé èlú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Wọ́n ń sẹ́ omi eérú. Wọ́n á rẹ èlú sínú omi náà fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, kó tó ṣe é pa òwú. Lọ́dún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró èlú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Òwú ilé-iṣẹ́ náà dé, ó gún régé, ó wà ní ṣíṣe, òmíràn ti gba àwọ̀ láti ọ̀hún wá. Ọmọbìnrin tí ì bá jókòó ti òwú lọ sí ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí pé ó ṣe àṣìṣe. Arànwú ló kọ́kọ́ kúrò nídìí iṣẹ́, aláró tẹ̀lé e, òfì nìkan ló dúró. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹtù fi wà síbẹ̀ tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti yí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò agbádá kan, nítorí inú ìṣirò yìí ni ọ̀rọ̀ gbogbo wà. Ẹ mú agbádá tó fẹ̀ ní mítà 2.5 láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó sì gùn ní mítà 1.3 láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ iwájú, á gba orí èjìká, á parí sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn: mítà 2.6 nìyẹn. Bí ọ̀já bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀já 25 ni yóò gbà, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 65. Ojú ibi tí wọ́n ti so ọ̀já pọ̀ mọ́ra jẹ́ 24, ó sì lé ní mítà 62 tí abẹ́rẹ́ máa tọ̀. Bí aṣọ náà bá ki débi pé mítà onígun mẹ́rin kan wọn gíráàmù 400, agbádá nìkan á wọn kílò 2.6, kí a tó gbé bùbá, ṣòkòtò àti iṣẹ́ ọnà ọrùn lé e.

Ẹ wá gbé kílò 2.6 yẹn wọ inú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ gbé e jókòó sí ọ́fíìsì níwájú tábìlì, níbi tí ọwọ́ agbádá ti ń gbá ìwé dànù, tí ẹ ń ká a sórí èjìká ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó ń gun ẹṣin, tàbí tó ń jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àlejò, kò rí nínú ìyọnu yìí. Nígbà tí iṣẹ́ àti ìrìn yí padà, ara kọ ìwúwo náà.

Léèsì wọlé láti Austríà àti Swítsàlandì, gínnì wọlé, àtíkù wọlé, gbogbo wọn fẹ́lẹ́, gbogbo wọn ní àwọ̀ tó pọ̀ bí òṣùmàrè. Aṣọ ẹbí ló wá parí iṣẹ́ náà. Ìdílé tó bá fẹ́ kí ogójì ọkùnrin wọ agbádá ẹtù yóò nílò mítà 2,600 ọ̀já, aró kan náà, ìlà kan náà, ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Kò sí agbo-ilé ahunṣọ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fún lọ́rùn. Ọgbọ́n tí ọjà ta sí i ni pé wọ́n gbé aṣọ òfì gun orí: fìlà fún ọkùnrin, gèlè fún obìnrin, kí ara wọ léèsì tàbí àtíkù. Ẹ wo òde ìyàwó èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé orí ni òfì wà. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti sún kúrò lára.

Òwe wa sọ pé òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, àgbà tí kò lófì kó rọ́jú ra kíjìpá. Kíjìpá tí òwe yẹn ń bú, tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì òòró nílé, kò tilẹ̀ rí orí tó lè gùn. Aṣọ iṣẹ́ àti ìbora ni, aṣọ iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sì gba ipò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ èyí tó wà lọ́jà wò. Ìsẹ́yìn ṣì ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń jáde bí a bá dárúkọ òfì. Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin náà ń hun. Ní Ìbàdàn, Ọjà Òjé ti jẹ́ ojúkò aṣọ òfì tipẹ́. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ohun márùn-ún la fẹ́ kí ẹ bá lọ: téèpù ìwọnṣọ, òṣùwọ̀n kékeré, áńkáṣíìfù funfun, omi díẹ̀ nínú ìgò, àti ìṣáná.

Ẹ fi òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn mítà 10 ọ̀já. Bí ọ̀já bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, mítà onígun mẹ́rin kan ni mítà 10 yẹn, nítorí náà ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ náà ni ìwọ̀n aṣọ. Gíráàmù 230 sí 280 ló dára jù fún agbádá tòní, lójú tiwa. Níbẹ̀, agbádá mítà 65 á wà láàárín kílò 1.5 sí 1.8: ó wúwo tó láti ṣubú dáadáa lára, kò sì ní pa èjìká. Èyí tó bá wà lábẹ́ 180 kì í ṣubú, fífò ló ń fò, afẹ́fẹ́ kékeré á gbé e bo ojú. Bí ọ̀já bá fẹ̀ ju 10 lọ, bí ọ̀pọ̀ tòní ti ń fẹ̀, ẹ fi ìbú rẹ̀ ṣírò: mítà 10 ọ̀já onísẹ̀ǹtímítà 13 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1.3.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè purọ́, nítorí àwọn kan ń fi sítáàṣì pa ọ̀já tó fẹ́lẹ́ kó lè dà bíi pé ó ki. Ẹ fún igun kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka, ẹ ra á bí ẹni ń fọ aṣọ. Bí ìyẹ̀fun funfun bá jáde, tàbí tí ibẹ̀ rọ̀ lójijì tí ìyókù sì le gbagidi, ẹ dá a padà. Ẹ na ọ̀já sókè kí oòrùn gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò wínníwínní tó dọ́gba kò burú. Ibi tó ṣí, tó pa, tó tún ṣí jẹ́ ibi tí ahunṣọ kò ti gbá fọ́nrán mọ́ra bákan náà, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ya.

Ẹ wo etí ọ̀já méjèèjì. Fún wa, ibí ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín iṣẹ́ tó dáa àti èyí tí kò dáa. Bí ahunṣọ bá ń fa ọ̀kọ̀, èyí tó ń gbé òwú ìbú kọjá, le jù, etí á máa wọlé, á máa jáde, bí eyín ayùn. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi mẹ́ta láàárín mítà kan. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, télọ̀ tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè so ó kó tẹ́jú.

Aró ló kàn. Ẹ da omi díẹ̀ sí áńkáṣíìfù funfun, ẹ fi nu ojú kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ẹtù tí kì í fi àwọ̀ díẹ̀ sílẹ̀; ti àtijọ́ pàápàá ń pa ara láró nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Àwọ̀ sánmà fẹ́ẹ́rẹ́ lórí áńkáṣíìfù kò ní kí ẹ má rà á. Bó bá di búlúù tó jìn tàbí àwọ̀ elésè-àlùkò, aró náà kò wọnú òwú, àtíkù funfun tí ẹ bá wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn òǹtajà á ní kí ẹ fi iyọ̀ tàbí fínígà rẹ ẹ́. Ẹ má da ara yín láàmú, iyọ̀ àti fínígà kì í de aró mọ́ aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán. Fífi omi tútù ṣan án títí omi á fi mọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Ìṣáná ló máa sọ irú òwú tó jẹ́. Ẹ fa fọ́nrán kan láti òòró, ẹ fa òmíràn láti ìbú, nítorí àwọn kan ń na òwú gidi lóòró kí wọ́n tó fi polyester hun ìbú. Ẹ jó wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, jìnnà sí ọjà onítọ̀hún. Òwú á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á rọ̀. Polyester á yọ́, á sún kì, á di kókó dúdú tó le. Rayon ń jó bí òwú, nítorí náà omi ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: ẹ rẹ fọ́nrán náà, kí ẹ fà á. Rayon máa ń ṣaláìlágbára nínú omi, á já wẹ́rẹ́. Òwú kì í rí bẹ́ẹ̀.

Nípa ẹ̀kẹta, ẹtù fúyẹ́, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ gèlè tó dúró ṣánṣán yóò gbádùn rẹ̀, nítorí líle tí polyester ní ló ń mú gèlè dúró. Lára agbádá, ooru kì í jáde nínú rẹ̀, etí rẹ̀ ń tú bí wọ́n bá ti gé e, ṣáínṣáín sì máa ń ha ọrùn, á máa já ní ibi tí aṣọ bá ti ń ká. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan ṣoṣo tó fún un láti kákò. Bí òǹtajà bá ń gba owó òwú gidi lórí rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Sányán, òfì aláwọ̀ iyanrìn, nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Sányán gidi kì í ṣe òwú, inú ilé tí kòkòrò Anaphe ń hun sára igi inú igbó ni fọ́nrán rẹ̀ ti ń wá. Kòkòrò náà kì í hun ilé tí èèyàn lè tú bí okùn kan gbọọrọ. Ṣe ni wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń ran án bí òwú. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ ti iyanrìn, tí ojú rẹ̀ kì í fi í dán bí sílíìkì òyìnbó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà lónìí jẹ́ òwú tàbí polyester tí wọ́n pa ní àwọ̀ iyanrìn. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ jẹ́ owó òwú. Ẹ jó fọ́nrán kan: sányán gidi á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Àlàárì, òfì pupa, náà rí bẹ́ẹ̀: orúkọ ló kù. Sílíìkì pupa tó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀nà yẹn sì dí, òwú tí wọ́n pa láró pupa gba orúkọ náà.

Ẹ ti rà á wàyí. Ẹ má gbé e lọ bá télọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wọn mítà kan, ẹ fi òwú funfun sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, kí ẹ rẹ gbogbo ọ̀já náà sínú omi tútù di ọjọ́ kejì, kí ẹ sá a síbòòji. Ẹ tún mítà yẹn wọ̀n. Bó bá sún kì di sẹ̀ǹtímítà 95, mítà 65 tí ẹ nílò á béèrè pé kí ẹ ti ra tó 69. Nítorí náà, mítà 70 ni kí ẹ máa rà fún agbádá oníwọ̀n yẹn. Ẹ má sì gba "ó tó agbádá kan" lẹ́nu òǹtajà. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ aró ẹ̀ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀já mẹ́ta tí ẹ bá padà lọ rà lọ́sẹ̀ kejì á hàn láàárín ẹ̀yìn yín gbangba nínú oòrùn.

Ibi ìránṣọ ni agbádá òfì tòní ti ń bàjẹ́ jù. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń so ọ̀já, etí kan etí, abẹ́rẹ́ á máa mú fọ́nrán díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ṣí i, ojú rírán náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Télọ̀ òde òní a máa gbé etí kan gun èkejì kó fi ẹ̀rọ gbà á kọjá. Bí wọ́n bá gba sẹ̀ǹtímítà kan ní ojú kọ̀ọ̀kan, ojú 24 ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 24 nínú fífẹ̀ agbádá yín. Ẹ lọ rán 2.5, ẹ gba 2.26. Gbogbo ojú náà á tún nípọn bí okùn, aṣọ á dúró bí àpótí. Ohun tí ẹ máa sọ fún télọ̀ ni pé kó fi etí kan etí, kó sì lo ojú rírán tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ kó lè mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ 16 ló bá a mu, kí ojú rírán kọ̀ọ̀kan gùn tó mílímítà 3. Ojú tó bá kéré ju ìyẹn lọ ń gé òwú.

Àléébù kejì máa ń ya àwọn tí kò mọ òfì lẹ́nu: wọ́n so ọ̀já méjì tó gùn dọ́gba, nígbà tí wọ́n dé ìparí, ọ̀kan ti fi sẹ̀ǹtímítà méjì ju èkejì lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fà á, nítorí abẹ́ ẹ̀rọ ń fa èyí tó wà nísàlẹ̀ ju èyí tó wà lókè lọ, bí òfì sì ṣe máa ń nà, ó gbà fún un. Tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ojú 24 láti apá kan náà, agbádá á máa yí bí ìgbín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dagun. Kí wọ́n fi pín-ìnnì mú ọ̀já méjèèjì mọ́ra ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20, kí ojú àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kí èyí tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin.

Kí wọ́n tó gé ọrùn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rán ìlà kan yí ibi tí wọ́n fẹ́ gé ká, nítorí òfì tí wọ́n bá gé lásán máa ń tú. Kí aṣọ òwú fẹ́lẹ́ wà nínú ọrùn àti àyà. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, tó kún dẹ́dẹ́, wúwo ju òfì gíráàmù 250 lọ. Ṣe ni yóò máa fa àyà sílẹ̀, tí ìyókù á máa yọ ìkákò. Ọnà tó ní àlàfo, tí òwú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan, ló yẹ ẹtù. Lójú tiwa, ẹtù tí wọ́n gbé ọnà olówùúrà lé lórí ti di aṣọ mìíràn, àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn kò rí àyè sọ̀rọ̀ mọ́.

Dàńdógó, ẹ̀wù ńlá àtijọ́ yẹn, ńkọ́? Àwọn àgbà ní dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá, òótọ́ náà ni, aṣọ tó ń gba ni kò ṣe é fi ìkánjú rán. Fún ayẹyẹ oyè tàbí ìsìnkú àgbà, ó ṣì níyì. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ ni a kò lè dá lẹ́bi pé ó kúrò: bí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà méjì, tí okùn sì fà á wọ ìbàdí sẹ̀ǹtímítà 90, aṣọ òfì tó kákò jọ níbẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn lè jókòó sórí àga mọ́tò pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó fi òwú fẹ́lẹ́ rán òkè rẹ̀, níbi tí bùbá á bò, kó fi òfì rán láti itan lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ á hàn bí kẹ̀ǹbẹ̀, ìbàdí á sì sinmi.

Ní Bahia ní Brazil, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní pano da costa tàbí alaká, kúrò lára àwọn obìnrin ìgboro bákan náà, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ilé òrìṣà. Wọ́n ń hun ún ní Casa do Alaká nínú Ilê Axé Opô Afonjá, ilé òrìṣà kan ní Salvador. Ibi tí aṣọ bá ti ní iṣẹ́ tí aṣọ mìíràn kò lè ṣe, ibẹ̀ ló ń dúró sí.

Fún ìtọ́jú: ẹ má fi agbádá òfì kọ́ sórí háńgà. Ìwúwo rẹ̀ á fa èjìká sílẹ̀, ọ̀já àárín á sì gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ ká a sí ojú rírán, kí ẹ máa yí ibi tí ẹ ti ká a padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí ojú kíká kan tó pẹ́ jù ni òwú ti ń já. Ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn òde, kó gbẹ kí ẹ tó kó o sí àpótí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni fífọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì fún un bí ẹni fún ẹ̀kọ. Ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde. Sányán gidi nílò káńfọ̀ nítòsí rẹ̀, nítorí kòkòrò ajẹṣọ fẹ́ràn sílíìkì ju òwú lọ.

Ẹni tó bá jogún ẹtù àtijọ́ tó ti ya, kó má ju ú nù. Yàtọ̀ sí ọrùn, wọn kò gé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀já rẹ̀. Etí wọn pé síbẹ̀. Ẹ tú u ní ojú rírán, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀já 25, bí 10 bá ti gbó ní èjìká àti ní ibi tí ọwọ́ ti ń ká, 15 ló kù. Ara bùbá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, tó gùn ní 75 níwájú àti lẹ́yìn, kò gbà ju ọ̀já 7 tó gùn ní mítà 1.5 lọ, mítà 10.5 péré. Ọwọ́ bùbá á jáde nínú ìyókù, fìlà náà á jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títú náà láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí òwú ìránṣọ ti máa ń kọ́kọ́ gbó, kí ẹ lo abẹ́rẹ́ tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, láti gbé ojú rírán sókè. Abẹ àti sìsọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí ọ̀já.